Mo Sáré Títí, Bọ́ọ̀lù Kò Wá: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Wide Receiver

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ní ìlú Houston, ní Texas, níbi eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, níbi tí mo ti jẹ́ wide receiver, ìyẹn ẹni tó ń sá lọ hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, mo sáré títí itan mi fi ń gbọ̀n, ẹyọ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kò dé ọwọ́ mi. Nígbà tí eré parí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fò sókè nítorí pé a borí, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo tẹjú mọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Funfun ni wọ́n nígbà tí mo wọ̀ wọ́n, funfun náà ni wọ́n ṣì wà. Mo ń bi ara mi pé kí ni mo tilẹ̀ wá ṣe níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a péjọ láàárọ̀ láti wo fídíò eré náà, bí a ti máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kóòṣì wa dá fídíò náà dúró níbi tí ẹlẹgbẹ́ mi kan ti hán bọ́ọ̀lù láàárín pápá tó sì gbé e sá wọlé, ohun tí wọ́n ń pè ní touchdown. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ẹ má wo ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo etí pápá." Ó dá a padà sẹ́yìn. Mo rí ara mi, mo ń sáré lọ tààrà bí ẹni tí ajá ń lé. Mo rí àwọn olùdènà méjì tí wọ́n gbá tẹ̀ lé mi. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ gbayawu ni ẹlẹgbẹ́ mi gbà kọjá. Kóòṣì tún un fi hàn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Ìdajì touchdown yìí, tìrẹ ni."

Mo ń kọ èyí nítorí pé àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ọmọ wọn ń ṣe eré yìí ní Texas níbí, máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn tàbí níbi ìkómọjáde. Wọ́n á ní, "Ẹ dákun, kí ni ọmọ wa ń ṣe létí pápá yẹn gan-an? Ó kàn ń sá lọ sá bọ̀, wọn kì í fún un ní bọ́ọ̀lù." Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ nídìí mọ́tò lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí a ti Òṣogbo dé Houston lọ́dún 2006. Màmá mi ti ṣáájú wa dé. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe. Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá mi nílé. Iṣẹ́ tí wọ́n rí ní Houston nígbà náà kò jọ èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ rárá. Èmi ní tèmi, eré sísá ni mo gbé wá láti ilé. Mítà 100 àti 200 ni mo máa ń sá níbi eré ìje ọdọọdún ilé-ẹ̀kọ́ wa l'Óṣogbo, mo sì ti gba ife bíi mélòó kan. Kóòṣì rí mi níbi tí mo ti ń sáré ní ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, ó pè mí, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì bèèrè pé, "Ẹsẹ̀ ti wà. Ọwọ́ ńkọ́?" N kò mọ ohun tó ń sọ. Bọ́ọ̀lù tí mo mọ̀, ẹni tó bá fi ọwọ́ kàn án ti ṣẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, bó ṣe rí nìyí. Pápá náà gùn ní yáàdì 100, ó sì fẹ̀ ní yáàdì 53 àti díẹ̀. Ènìyàn 11 ló wà níhà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti sún síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n á tún gba ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Bí wọn kò bá ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá gbé e dé ìpẹ̀kun pápá, àmì 6 ni, ìyẹn ni touchdown. Quarterback ló ń darí wọn, òun ló sì ń ju bọ́ọ̀lù. Àwa wide receiver máa ń dúró jìnnà sí agbo, létí pápá, bí ìgbà tí wọ́n ní kí ọmọ lọ dúró síta kí àgbà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wa ni pé kí a sá lọ sí ibi tí wọ́n yàn fún wa, kí a sì hán bọ́ọ̀lù bó bá dé ibẹ̀.

Òfin ní ó kéré tán ènìyàn méje gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà, níbi tí bọ́ọ̀lù wà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn tó wà lórí ìlà yìí, àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ nìkan ló lè lọ hán bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú àwọn tó dúró sẹ́yìn ìlà. Ìdí nìyẹn tí àwa wide receiver kò fi jọ dúró bákan náà. X ni wọ́n ń pe ẹni tó wà lórí ìlà gan-an. Z dúró ní yáàdì kan sẹ́yìn níhà kejì. Ẹni tó wà nínú, láàárín wọn àti agbo, ni slot. X ni mí. Ẹni tó bá jẹ́ X, ọ̀tá rẹ̀ lè dúró síwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, kó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a láyà kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Nínú NFL, ìdíje àwọn tó ń fi eré yìí jẹun ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1978, wọ́n ti fi òfin dí ẹni tó ń ṣọ́ wide receiver lọ́wọ́ pé kò gbọdọ̀ tún fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn yáàdì 5 àkọ́kọ́. Ní Texas, òfin yunifásítì ni ilé-ẹ̀kọ́ girama fi ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì sí òfin yáàdì 5 yẹn nínú rẹ̀. Mo jìyà.

Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ wá. Bọ́ọ̀lù wọn kì í ṣe roboto. Ó gùn, orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, bí ìbẹ́pẹ kékeré. Bí wọ́n bá jù ú dáadáa, á máa yí lójú afẹ́fẹ́ bí òkòtó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àyà ni mo fi ń gbà á, á sì ta padà. Kóòṣì ní ọwọ́ mi le. Ó ní bí bọ́ọ̀lù bá ga ju àyà lọ, kí àtàǹpàkò mi méjèèjì kàn ara wọn. Bó bá rẹlẹ̀, kí ọmọ-ìka-kékeré méjèèjì kàn ara wọn. Kí n sì fi ojú gbà á kí n tó fi ọwọ́ gbà á. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò yé ọwọ́ mi.

Máńgòrò ló jẹ́ kó yé mi. Lẹ́yìn ilé bàbá àgbà wa l'Óṣogbo, igi máńgòrò kan wà. Ẹni tó bá gùn ún á máa já èso sílẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á máa hán an kó má baà fọ́. Gbogbo ọmọ tó ti ṣe é rí ló mọ̀ pé ènìyàn kì í na ọwọ́ gan-an dè é. Bí máńgòrò ṣe ń bọ̀ ni ọwọ́ náà ń bá a sọ̀kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dúró. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo dùbúlẹ̀ tí mò ń ro ilé ni èyí sọ sí mi lọ́kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí àbúrò mi máa ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí mi lẹ́yìn ilé, mo sì ń gbà á bí ẹni ń gba máńgòrò. Ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, kí a tó jẹun alẹ́. Oṣù kan kò pé tí kóòṣì fi dẹ́kun ọ̀rọ̀ ọwọ́ líle.

Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ nípa Jerry Rice, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí wide receiver tó tó o rí. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀ ní Mississippi. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ á máa ju bíríkì sí i lórí àkàbà, òun á sì máa hán an. Láàárín 1985 sí 2004, ó hán bọ́ọ̀lù 1,549, ó sì fi wọ́n rin yáàdì 22,895. Ẹni tó tẹ̀ lé e, Larry Fitzgerald, ní yáàdì 17,492. Rice kọ́ ló yára jù lọ nígbà ayé rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ìgbéraga ẹsẹ̀ tí mo gbé wá láti Òṣogbo rọlẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ọwọ́, ọ̀nà tí a ń sá ló kàn. Ọ̀nà mẹ́wàá ni a kọ́, láti 0 dé 9, wọ́n sì yà á sí ara pátákó bí igi tó ní ẹ̀ka. Nínú ìwé tiwa, 1, 3, 5 àti 7 ń yà sí etí pápá, 2, 4, 6 àti 8 ń yà sí àárín, 0 kúrú bí ìgbà tí ènìyàn gbàgbé nǹkan tó sì yíjú padà, 9 sì ń lọ tààrà láìwẹ̀yìn. Slant ni 2: ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí o sì gé e wọ inú. Curl ni 4: sá dé yáàdì 12, kí o yí padà wá sí 10. Post ni 8: sá lọ, kí o sì yà sí ọ̀nà òpó góòlù. Bàbá mi, tí wọn kò fẹ́ràn eré náà rárá, rí ìwé yìí lórí tábìlì. Wọ́n gbé e, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Igun ni èyí. Ṣé igun ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀?" Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì lọ múra iṣẹ́.

Ohun tó ṣòro nínú rẹ̀ kì í ṣe kíkà á sórí. Gbogbo ọ̀nà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ jọra lójú ẹni tó ń ṣọ́ mi títí di ìgbà tí mo bá yà. Bí mo bá ń sá 9, kí ó rò pé mo máa yà. Bí mo bá fẹ́ yà, kí ó rò pé 9 ni. Bí mo bá gbé orí sókè ṣáájú, ó ti mọ̀. Bí mo bá dín eré kù ní ìṣísẹ̀ méjì kí n tó yà, ó ti dé ibẹ̀ kí n tó dé. Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìbàdí sílẹ̀ lójijì láìjẹ́ kí èjìká sọ̀rọ̀. Lábẹ́ oòrùn oṣù Kẹjọ ní Houston ni a ti ń ṣe é, níbi tí afẹ́fẹ́ ti rin gbingbin bí aṣọ tí wọn kò fún, tí òógùn kì í sì í gbẹ lára. Èébì gbé mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọn kò tíì jù ẹyọ bọ́ọ̀lù kan sí mi nínú eré gidi.

Mo ní láti sọ ti oṣù Kẹsàn-án 2008, nítorí pé òun gan-an ló yí mi padà. A fi àmì mẹ́rin lẹ́yìn, àkókò ti ń lọ. Ọ̀nà 9 ni wọ́n pè fún mi. Ṣùgbọ́n a ní àdéhùn kan, èmi àti quarterback wa: bí èmi àti òun bá rí i pé ẹni tó wà níhà mi ń fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ gbá quarterback mú, 9 ti di 2 lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ jáde. Kò ní ní àkókò láti dúró de 9, nítorí náà kí n gé e wọ inú kíákíá, bọ́ọ̀lù á ti wà níbẹ̀. Mo rí ọkùnrin náà tó ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sún mọ́ ìlà. Mo rí i, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n 9 ló wù mí. Mo mọ̀ pé mo lè sá ju ẹni tó dúró síwájú mi lọ, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wa sì wà lórí ìjókòó ń wò.

Mo sá 9. Quarterback ju 2. Bọ́ọ̀lù náà lọ sí ibi tí ó yẹ kí n wà, ènìyàn wọn kan ló sì bá a níbẹ̀. Ó hán an, ó gbé e sá wọlé.

Gbogbo pápá hó lé quarterback wa lórí. Lójú wọn, ńṣe ló kàn ju bọ́ọ̀lù fún ọ̀tá. Kóòṣì pè é, ó ń bá a wí. Mo dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ márùn-ún sí wọn. Ọmọkùnrin náà wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú kúrò, ó sì sọ fún kóòṣì pé, "Ó yọ̀ lọ́wọ́ mi." Mo pa ẹnu mọ́. Lóru yẹn, n kò sùn. Mo gbọ́ nígbà tí Màmá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìdájí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n tó pa iná yàrá fídíò, mo lọ bá kóòṣì, mo ní èmi ni mo fà á. Kò bá mi wí. Ó kàn na rìmóòtù sí mi, ó ní, "Ìwọ ni kí o ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn." Mo dúró níwájú gbogbo wọn, Gẹ̀ẹ́sì mi ṣì wúwo lẹ́nu, mo dá fídíò náà dúró, mo tọ́ka sí koríko tó ṣófo. Mo ní, "Ibí yìí ló yẹ kí n wà." Ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Quarterback wa kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, níbi ìgbáradì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù sí mi kí n tó yíjú. Mo bá yíjú, mo bá a níwájú mi.

Ohun tí n kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn ni pé quarterback kì í ju bọ́ọ̀lù sí ènìyàn. Ibì kan ló ń jù ú sí. Àwọn ọkùnrin ńlá ń bọ̀ wá bì í ṣubú, ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta ló ní, kò lè dúró wò bóyá mo ti dé. Mo ti sọ fún un pé màá wà níbẹ̀, ó sì gbà mí gbọ́. Kò sí ohun tí ó le ju kí ènìyàn ju nǹkan iyebíye sí ojú afẹ́fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣiṣẹ́ látìgbà náà, mo sì ti rí i pé irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀.

Iṣẹ́ kan tún wà tí àwọn tó ń wò kì í rí. Bí ẹlẹgbẹ́ mi bá gbé bọ́ọ̀lù sáré gba ìhà mi, èmi ni mo gbọ́dọ̀ dí olùdènà tó ń ṣọ́ mi lọ́nà. Ọwọ́ mi á wà láàárín àyà rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á máa tẹ̀ kíákíá, n kò sì gbọdọ̀ di aṣọ rẹ̀ mú. Bí mo bá dì í mú, réfírì á ju àsíá aláwọ̀ ìyeyè sílẹ̀, wọ́n á dá wa padà ní yáàdì 10. Mo kórìíra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ àwọn sìgbọnlẹ̀ tó wà láàárín ni. Kóòṣì wá ní kí n lọ wo Hines Ward ti Pittsburgh, tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù lọ ní Super Bowl, eré àṣekágbá NFL, ní oṣù Kejì ọdún 2006. Wide receiver ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dínà fún àwọn ẹlòmíràn, àwọn olùdènà ń bẹ̀rù rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Ní Houston tiwa náà, Andre Johnson ni gbogbo wa ń wò. Lọ́dún 2008 ó ní yáàdì 1,575, lọ́dún 2009 ó ní 1,569, kò sì sí ẹni tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo NFL ní ọdún méjèèjì. Kì í pariwo. Nọ́ńbà 80 rẹ̀ ni gbogbo ọmọ tó fẹ́ ṣe wide receiver ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àgbà ló gbà á, wọ́n fún mi ní 84.

Bọ́ọ̀lù tún bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún yẹn, ní gbangba, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí mi. Mo ti bojú wo ìlà kí n tó gba bọ́ọ̀lù tán. N kò ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mọ̀ bó ṣe ń dun ènìyàn nínú egungun. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2009, èmi àti bàbá mi jọ jókòó wo Super Bowl tí wọ́n gbá ní Tampa. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, Pittsburgh wà lẹ́yìn. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Santonio Holmes ní igun òsì, ó gba àárín ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Mo di ojú mi. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e gan-an, òun náà ni wọ́n tún jù ú sí, ní igun ọ̀tún, láàárín olùdènà mẹ́ta. Ó na ara rẹ̀ tán, ó hán an, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí koríko kó tó ṣubú síta. Ìṣẹ́jú àáyá 35 ló kù. Wọ́n borí pẹ̀lú 27 sí 23. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan nípa ìka ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹni tó jù ú yẹn, ó tún jù ú sí i."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Ọ̀nà tó ń gba àárín pápá kọjá léwu. Ojú ènìyàn á wà lára bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń bọ̀ wá kọlù ú á sì wà ní ìhà kejì. Mo rí ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n kọlù bẹ́ẹ̀ níbi ìgbáradì. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ tò sí ìhà àwọn tí kì í ṣe tiwa. A fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà náà. Ó ń dùn mí títí dòní pé a fi ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ló ti mì, wọ́n sì jẹ́ kó padà sí eré ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Ayé ti yí padà díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Washington ṣe òfin lọ́dún 2009 pé ọmọ tí wọ́n bá fura pé orí rẹ̀ mì kò gbọdọ̀ padà sí pápá títí oníṣègùn yóò fi fọwọ́ sí i. Texas ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2011, nígbà tó sì máa di 2014, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ti ní irú rẹ̀. Láti ọdún 2013, ní yunifásítì, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi akoto kọlu orí ẹni tí kò lè dáàbò bo ara rẹ̀, wọ́n á lé e kúrò nínú eré. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní orí ń fọ́ òun lẹ́yìn eré, tàbí ó ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má ṣe dúró de kóòṣì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Gbogbo bí mo ṣe fẹ́ràn eré yìí tó, n kò ní fi ọmọ kankan tọrẹ fún un.

Ní báyìí, mo máa ń ran àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohun tí wọ́n máa ń sunkún lé lórí kò yí padà: bọ́ọ̀lù kò wá. Mo máa ń sọ ìtàn wide receiver kan, Olamide Zaccheaus, fún wọn. Ara rẹ̀ kò tóbi rárá. Kò sí ẹgbẹ́ tó yàn án lọ́dún 2019 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n Atlanta gbà á wọlé. Eré bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kẹsàn-án lọ, Kẹwàá lọ, Kọkànlá lọ, kò hán ẹyọ bọ́ọ̀lù kan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, wọ́n ń bá Carolina gbá, Matt Ryan, quarterback Atlanta nígbà náà, ju bọ́ọ̀lù gígùn kan sókè. Olamide wà níbẹ̀. Yáàdì 93 ni, ó sì sá a wọlé. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó hán nínú NFL nìyẹn. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu oníròyìn, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ń gbé e gbágungbàgun, mo dìde níbi tí mo jókòó sí.

Bàbá mi kò wá wo eré mi rí títí di eré tí a gbá kẹ́yìn nílé ní oṣù Kọkànlá 2008. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọn kò sì fi bò pé eré náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. "Ṣé bọ́ọ̀lù lo bá wá sí Amẹ́ríkà ni?" Ìyẹn ni wọ́n máa ń sọ. Lọ́jọ́ náà, wọ́n bá ẹnì kan pààrọ̀ iṣẹ́ láìsọ fún mi. Mo gbójú sókè ní àkókò ìsinmi, mo rí wọn lórí ìjókòó, wọ́n wọ kóòtù ìsìn wọn, wọ́n dá jókòó nítòsí àwọn tó ń fọn fèrè.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni mo hán lálẹ́ ọjọ́ náà, yáàdì 11. Slot wa hán mẹ́sàn-án, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. A borí. Nínú mọ́tò, bàbá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi já sí Bissonnet, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Mo ronú pé inú wọn bàjẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ wá lọ́jọ́ tí wọn kò jù ú sí mi."

Wọ́n ní, "Àjàní, àwọn méjì ni wọ́n fi ṣọ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kà wọ́n."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nínú ayò, bí mo bá kó odù sí ilé kan, ibo ni ẹni tí mò ń bá ta á máa wò?"

"Ilé yẹn ni, sà."

"Ibòmíràn ni mo ti máa ń jẹ ẹ́." Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níwájú ilé oúnjẹ kan tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Wọ́n pa mọ́tò, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ibo lẹ ti máa gbá a?"

Mo ní, "Kì í ṣe ilé, sà. Ó jìnnà."

"N kò bi ẹ́ bóyá ó jìnnà. Mo ní ibo ni."